Ẹni Tí Ń Dáni Lóhùn Là Ń Tẹ̀lé: Ìtàn Ìdásí Ọ̀rọ̀ Láti Ojú Ìwé Ìròyìn Dé Orí Ayélujára

Ọjà tuntun kan ti gba ayélujára kan. Àwọn tí ń tà á ń polówó rẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́, fún agbẹjọ́rò, fún oníṣirò owó, fún ayàwòrán ilé àti fún ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n ń tà ni ẹ̀rọ tí yóò máa bá ènìyàn dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn lórí LinkedIn àti lórí àwọn ìkànnì mìíràn tí àwọn oníṣẹ́ ti ń pàdé. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ náà lè sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó sì jí bá a pé ẹ̀rọ ti fi orúkọ rẹ̀ kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ èsì sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí, tí kò sì ka ohun tí wọ́n kọ. Ìlérí ẹyọ kan ni ó wà nídìí ọjà náà: orúkọ tí a bá ń rí níbi gbogbo yóò di orúkọ ńlá.

Ìlérí yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tí ó fi ń rí oníbàárà. Òótọ́ ni pé ìdásí ọ̀rọ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ di ẹni tí a ń wá kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé èsì tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, lẹ́yìn tí ó ti ka ọ̀rọ̀ ẹni kejì tán, ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá sì ti fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di púpọ̀, iye rẹ̀ ni ó ń já wálẹ̀, àwọn olóòótọ́ ni wọ́n sì ń san gbèsè tí wọn kò jẹ.

Àwọn olóòtú Èkó ti mọ̀ ọ́n

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni àwọn oníwèé ìròyìn Yorùbá ti mọ àṣírí yìí. Henry Townsend ni ó gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni ìwé ìròyìn èdè Yorùbá tó gbilẹ̀ gan-an. Adéoyè Dẹ́nìgà bẹ̀rẹ̀ Èkó Àkéte ní 1922. E. A. Akíntàn tẹ̀lé e pẹ̀lú Elétí Ọfẹ ní 1923. D. A. Ọbasá dá Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, I. B. Thomas sì gbé Akéde Èkó kalẹ̀ ní 1928. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn tí ó mọ ìwé kà kò tíì pọ̀ nílùú, ìdíje sì wà láàárín wọn.

Ohun tí ó mú kí òǹkàwé máa retí ẹ̀dà tí ń bọ̀ ni pé ohùn òun náà lè wà nínú rẹ̀. Òǹkàwé a kọ lẹ́tà sí olóòtú, olóòtú a tẹ̀ ẹ́, òǹkàwé mìíràn a sì fèsì. Akọ̀wé ìjọba, olùkọ́ tàbí oníṣòwò tí kò ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ lè di ẹni tí àwọn tí ó mọ ìwé kà ní Èkó mọ̀, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ mú ọgbọ́n wá sí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn dá sílẹ̀.

Thomas lo ọ̀nà yìí ju gbogbo wọn lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1929, Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí ó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ láti orí ibùsùn àìsàn. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé wá: àwọn kan káàánú rẹ̀, àwọn kan fi í kọ́gbọ́n, lẹ́tà wọn sì ń jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá. Nígbà tí ó di 1930, ó kó wọn jọ di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀tàn wà nínú ohun tí Thomas ṣe kò purọ́. Orúkọ tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà kọ́ ni orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lónìí. Thomas fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, etí rẹ̀ ni kò fi pamọ́. Ó ń ka ohun tí ìlú ń sọ, ó sì ń kọ̀wé sí wọn bí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ òde òní a máa fi orúkọ olówó rẹ̀ síta gbangba, etí tí yóò gbọ́ ohun tí ẹni kejì sọ ni kò sí níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn Ṣẹ̀gilọlá, irú ìpàdé kan náà bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ní 1979, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, Tom Truscott àti Jim Ellis, ń wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan yóò fi máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn lórí wáyà tẹlifóònù. Usenet ni wọ́n pe ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde, ó sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn ní 1980. Kò sí okùn kankan tí ó so wọ́n mọ́ àwọn olóòtú Èkó, síbẹ̀ ohun tí wọ́n kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ojú ìwé lẹ́tà sí olóòtú. Usenet pín sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kókó ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó ní ìbéèrè kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tí ó mọ ìdáhùn dá a lóhùn, gbogbo ẹgbẹ́ sì ka ti àwọn méjèèjì. Kò sí àmì ìfẹ́ràn tí a lè tẹ̀, kò sì sí iye olùtẹ̀lé tí a lè fi yangàn. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ nìkan ni aṣọ tí ó wọ̀ wá sí ìpàdé.

Linus Torvalds jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní Fínláǹdì nígbà tí ọdún 1991 ń lọ sí ìparí. Kò ní ilé iṣẹ́, kò sì ní owó ìpolówó. Ó ń lo MINIX, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Tanenbaum ní Amsterdam kọ láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Usenet tí àwọn tí ń lò ó ti ń sọ̀rọ̀, tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sí ẹgbẹ́ náà. Ó ní òun ń kọ ètò ìdarí tuntun kan, pé eré ìdárayá lásán ni, kò ní di ohun ńlá. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú MINIX àti ohun tí wọn kò fẹ́ràn. Kò ní kí ẹnikẹ́ni wá ra nǹkan. Ìbéèrè ni ó fi kan ilẹ̀kùn.

Èsì dé, Torvalds sì ń fèsì padà. Ẹni tí ó rí àṣìṣe kọ̀wé sí i, ó tún un ṣe, ó sì gbé àtúnṣe jáde. Ní ìparí ọdún yẹn, ọkùnrin kan ní Jámánì jẹ́ kí ó mọ̀ pé mẹ́gábáìtì 2 péré ni ààyè ìrántí kọ̀ǹpútà òun, pé ètò náà kò sì lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí òun fẹ́ níbẹ̀. Torvalds fúnra rẹ̀ kò nílò àtúnṣe tí ọkùnrin náà ń fẹ́, síbẹ̀ ó fi àsìkò Kérésìmesì ṣe é fún un: ó kọ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kékeré yóò fi máa yá ààyè lò lára dísìkì. Àtúnṣe tí ó ṣe nítorí ẹnìkan ṣoṣo yìí wà lára ohun tí ó mú kí ètò náà, tí a ń pè ní Linux, ta MINIX yọ lójú àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà kéékèèké. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí i, pósítì káàdì láti ìlú wọn ni ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ dípò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èsì rẹ̀ ni ó tutù. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1992, Tanenbaum kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ náà pé ohun àtijọ́ ni Linux, pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ ti kọjá àsìkò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó kọ ìwé tí Torvalds fi kẹ́kọ̀ọ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ọmọ ilé ìwé náà sì fi ìbínú dá a lóhùn. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Torvalds padà tọrọ àforíjì fún bí ó ṣe sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí àlàyé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti ibi púpọ̀ dá sí àríyànjiyàn náà, títí di òní ni wọ́n sì ń kà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò tíì gbọ́ orúkọ Torvalds ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n láti ibẹ̀: ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe, tí àgbà bá bá a wí, tí ó sì lè fi ìmọ̀ dáhùn.

Ohun tí ó ti inú ìfèsì wọ̀nyí dàgbà wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé lónìí. Orí Linux ni a kọ́ Android lé, Android ni ó sì ń darí èyí tí ó pọ̀ jù nínú fóònù tí wọ́n ń lò ní Ìbàdàn, ní Kútọnu àti ní ọ̀pọ̀ ìlú àgbáyé.

Àwọn agbẹjọ́rò Arizona

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 1994, ọ̀nà mìíràn dé. Laurence Canter àti ìyàwó rẹ̀, Martha Siegel, jẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú Phoenix ní Arizona. Amẹ́ríkà ń ṣètò lọ́tìrì ìwé ìgbélùú, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mọ̀ sí gríìn káàdì, tí ọ̀pọ̀ wọn sì gba ọ̀nà rẹ̀ wọ ìlú náà kí wọ́n tó yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn tọkọtaya yìí fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti bá wọn kọ ìwé ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè kọ fúnra rẹ̀. Wọ́n lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó gbé ìpolówó kan náà lọ sí ẹgbẹ́ Usenet tí ó ju 5,000 lọ. Ẹgbẹ́ tí ń sọ̀rọ̀ nípa orin rí i, ẹgbẹ́ tí ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ ìṣirò náà rí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nílẹ̀ tí ó ń dáhùn. Ó dà bí ẹni tí ó gbé agogo wọ ilé ìgbéyàwó, ilé òkú àti kíláàsì ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà, tí ó sì ń kígbe ọjà kan náà.

Ìbínú tí ó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé lẹ́tà ẹ̀hónú tí ó ya dé ilé iṣẹ́ tí ó fún wọn ní àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì dá kọ̀ǹpútà ibẹ̀ dúró, wọ́n sì gba àyè náà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Norway kan kọ ètò tí yóò máa lépa ìpolówó wọn láti pa á rẹ́. Canter àti Siegel kò kábàámọ̀. Wọ́n sọ pé àwọn rí oníbàárà, wọ́n sì kọ ìwé lórí bí ènìyàn ṣe lè lówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 1997, ìpínlẹ̀ Tennessee gba ìwé àṣẹ agbẹjọ́rò Canter, ìpolówó yẹn sì wà lára ìdí rẹ̀.

Àwọn méjèèjì pa owó díẹ̀, àmọ́ àdánù tí wọ́n dá sílẹ̀ kò mọ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn mìíràn kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìpolówó sì bo ẹgbẹ́ púpọ̀ mọ́lẹ̀ títí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn níye lórí fi kó kúrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bí Torvalds ṣe ṣe, kí ó fi ìbéèrè kan ilẹ̀kùn, bá a pé àwọn tí ó wà nínú ilé ti sá lọ.

Nígbà tí èsì di ibi ìtajà

Ní 1998, Bruce Ableson dá Open Diary sílẹ̀, níbi tí ẹni tí ó bá ka àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn ti lè kọ èsì sí abẹ́ rẹ̀. Àṣà náà tàn kálẹ̀. Àwọn olùkọ́, àwọn onímọ̀ òfin àti àwọn akọ̀ròyìn rí i pé ẹni tí ó bá kọ èsì tí ó ní làákàyè sí abẹ́ ọ̀rọ̀ olórúkọ ńlá lè fa òǹkàwé wá sí ojú òpó tirẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ gbé ìsopọ̀ tí ó lọ síbẹ̀ dání. Ní Nàìjíríà, Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2005, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì kọ́ bí a ṣe ń jiyàn ní gbangba níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Google ti dé ní 1998 kan náà, ó sì ń ka ìsopọ̀ bí ẹni ń ka ìbò: ojú òpó tí ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ bá tọ́ka sí ni ó máa ń gbé síwájú. Bí èsì ṣe di ibi tí a ti lè jí ìbò nìyẹn. Àwọn oníṣòwò kọ ẹ̀rọ tí ń da ìsopọ̀ oògùn àti tẹ́tẹ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2005, Google, Yahoo àti MSN fẹnu kò lórí àmì kan tí yóò sọ fún ẹ̀rọ ìwádìí pé kí ó má ka ìsopọ̀ tí ó bá wà nínú èsì kún ìbò. Àmì náà kò mọ olóòótọ́ yàtọ̀ sí olè. Èrè kékeré tí ó wà fún ẹni tí ó jókòó ronú kí ó tó kọ èsì bá ti olè lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí ti ilẹ̀kùn. Popular Science, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ti wà láti 1872, mú àyè èsì kúrò ní 2013, ó sì dárúkọ àwọn aláriwo àti ẹ̀rọ nínú ìdí rẹ̀. Reuters tẹ̀lé e ní 2014, NPR ní 2016. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ lọ sọ ọ́ lórí Facebook tàbí Twitter.

Oníwáìnì New Jersey

Kí àwọn ilẹ̀kùn yẹn tó tì, ọkùnrin kan ti fi hàn bí a ṣe lè fi èsì kọ́ ilé. Wọ́n bí Gary Vaynerchuk ní Belarus ní 1975, àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní 1978. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọtí ní ìlú Springfield ní New Jersey. Ọmọ náà dàgbà sídìí rẹ̀, ó sì mọ wáìnì bí àwo. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, ó bẹ̀rẹ̀ ètò fídíò kan tí ó pè ní Wine Library TV, níbi tí ó ti ń tọ́ wáìnì wò, tí ó sì ń sọ ohun tí ó rí nínú rẹ̀ ní èdè tí aráalé gbọ́. Ó ṣe ẹ̀dà 1,000 kí ó tó parí rẹ̀ ní 2011.

Fídíò nìkan kọ́ ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń wò ó kò pọ̀. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́ ni òun fi ń lọ sí ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ̀rọ̀ wáìnì láti dá sí i, tí òun sì ń fèsì sí lẹ́tà àwọn òǹwòran lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Twitter dé, ó ń wá àwọn tí ó dárúkọ irú wáìnì kan. Bí ẹnìkan bá béèrè irú wáìnì tí ó yẹ kí ó fi jẹ oúnjẹ alẹ́, Vaynerchuk a dá a lóhùn, kò sì ní sọ pé kí ó wá rà á ní ṣọ́ọ̀bù bàbá òun. Bí ẹni náà bá fẹ́, yóò wo ẹni tí ó dá òun lóhùn fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: àwọn tí ó dá lóhùn ni ó di òǹwòran rẹ̀, òǹwòran ni ó di oníbàárà. Ní 2009, òun àti àbúrò rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ìpolówó sílẹ̀.

Nígbà tí ó yá, ó sọ ọgbọ́n yìí di ìṣirò. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa ní àwọn fẹ́ fi sẹ́ǹtì méjì sí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá sí i. Vaynerchuk ní kí ènìyàn yan kókó ọ̀rọ̀ 10 tí ó kan iṣẹ́ rẹ̀, kí ó wá ọ̀rọ̀ 9 tí ó gbajúmọ̀ jù lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi sẹ́ǹtì 2 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 80. Ìyẹn ni pé èsì 90 ni yóò kọ lóòjọ́.

Nínú iye yẹn ni ìṣòro ti wọlé. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ka ọ̀rọ̀ kan, tí ó sì fèsì sí i, yóò lo wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ lórí èsì 90. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ oṣù kò lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ tí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà di iye mú, wọ́n sì sọ làákàyè nù. Wọ́n ń kọ ‘ó dára gan-an’ sí abẹ́ ohun gbogbo. Nígbà tí èsì bá sì ti di ohun tí kò nílò kíkà, ẹ̀rọ lè bá ni ṣe é.

Ẹ̀rọ padà wá

Ẹ̀rọ kò sì pẹ́ dé. Instagress jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ tẹ àmì ìfẹ́ràn, tí ó sì ń bá wọn kọ èsì lórí Instagram. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, Instagram ní kí ó kógbá sílé, ó sì kógbá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Instagram kéde pé òun yóò máa yọ àmì ìfẹ́ràn àti èsì tí ó bá ti inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà bá Devumi, ilé iṣẹ́ tí ń ta ayédèrú olùtẹ̀lé, ṣe ẹjọ́ tí ó parí sí owó ìtanràn. LinkedIn, tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní 2003, tí Microsoft rà ní 2016, tí iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pé bílíọ̀nù 1 ní 2023, kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ kọ èsì.

Síbẹ̀, ChatGPT jáde ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, ọ̀rọ̀ náà sì gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè sọ ju ‘ó dára gan-an’ lọ. Ẹ̀rọ tuntun lè kọ ìpínrọ̀ tí ó dùn ún kà, tí ó tún ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ sọ padà fún un, tí ó yìn ín, tí ó sì fi ìbéèrè parí. Ó jọ èsì àfọwọ́kọ láti òkèèrè. Nígbà tí irú rẹ̀ mẹ́wàá bá tò sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ni ojú tó máa ń là: gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà, kò sì sí ọ̀kan tí ó mú nǹkan kan wá láti ẹnu iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ra ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti mọ̀. Lórí LinkedIn, èsì tí ènìyàn kọ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lè hàn sí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n àti sí gbogbo ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ náà. Ẹnjiníà tí ó jókòó sí Òṣogbo, tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ilé iṣẹ́ ńlá kankan, lè fi èsì ẹyọ kan dúró níwájú ẹni tí ó lè fún un níṣẹ́. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò mọ olówó, ó sì yẹ kí ó wà ní ìpamọ́.

Ohun tí ìtàn fi sílẹ̀

Àwọn kan yóò ní ìtàn Torvalds àti ti Vaynerchuk kò tó ẹ̀rí, nítorí pé àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn kọ èsì rere, tí ayé kò sì mọ̀ wọ́n títí dòní, pọ̀ lọ jàra. Òótọ́ ni. Ìtàn àwọn tí ó yege ni ó máa ń dé etí ènìyàn. Dátà wọ́n, iná kò dúró, ẹni tí ó sì ń sáré jẹun kò ní wákàtí mẹ́rin tí yóò fi dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Èsì àfọwọ́kọ kì í ṣe oògùn awúre.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó pa àwọn tí ó yege pọ̀ ṣe kedere, kò sì béèrè èsì 90 lóòjọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń dá sí. Wọ́n ń mú ohun tí kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá: àtúnṣe fún kọ̀ǹpútà kékeré, ìdáhùn fún ẹni tí kò mọ wáìnì tí yóò rà. Ọjà wọn kì í ṣíwájú ìdáhùn wọn. Wọ́n sì ń padà wá, nítorí pé ẹni tí ó dáni lóhùn lẹ́ẹ̀kan tí ó sì sá lọ kò yàtọ̀ sí oníwàásù inú mọ́tò. Èsì mẹ́ta tí ó ní irú ìwà wọ̀nyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Àwọn tí ó gba ọ̀nà ẹ̀rọ náà ní ohun tí ó pa wọ́n pọ̀. Canter àti Siegel rí owó díẹ̀. Àwọn tí ń da ìsopọ̀ sínú èsì rí tiwọn. Lẹ́yìn wọn ni ẹgbẹ́ Usenet tú ká, tí Google fagi lé ìsopọ̀ inú èsì, tí Popular Science ti ilẹ̀kùn. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í ni ni lára. Nínú ìtàn yìí, ara ẹlòmíràn ni ó sì máa ń ni jù.

Ìyẹn ni ewu tí ó wà lórí ọmọ Òṣogbo lónìí. Bí èsì ẹ̀rọ bá kún LinkedIn dé ibi tí ẹni tí ń wá òṣìṣẹ́ kò ní ka èsì mọ́, èsì rere tí ẹnjiníà náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lóru, nígbà tí iná dé, yóò bá ti ẹ̀rọ lọ. Kò tíì dé bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ka èsì ṣì wà, wọ́n sì ti ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bí àyè náà yóò ṣe pẹ́ tó ṣí sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kọ èsì tí ó ń bọ̀: bóyá yóò kọ́kọ́ ka ohun tí ẹni kejì sọ.